Oníṣòwò Nínú Ìṣèlú: Kí Gan-an Ni Ẹ Fẹ́ Dáàbò Bò?

Bíbélì kíkà: Ìṣe Àwọn Àpósítélì 19:23-41, Nehemáyà 5:1-19

Ọ̀rọ̀ tí a mú wá lọ́tẹ̀ yìí kì í ṣe èyí tí a sábà máa ń gbọ́ lórí pẹpẹ, ṣùgbọ́n ó máa ń jẹ yọ níbikíbi tí àwọn oníṣòwò inú ìjọ bá ti pàdé: ǹjẹ́ ó tọ́ kí onígbàgbọ́ tí Ọlọ́run fi ọrọ̀ jíǹkí kó owó àti orúkọ rẹ̀ wọ inú ìṣèlú, kí ó lè dáàbò bo ìdílé, ìgbéyàwó, ìwà mímọ́ àti òwò tí ó mọ́?

Ìdáhùn méjì ni a sábà máa ń gbọ́. Àwọn kan ní ìṣèlú dọ̀tí, kí onígbàgbọ́ jìnnà sí i. Àwọn kejì ní owó ni kẹ̀kẹ́ ìhìnrere, nítorí náà kí olówó inú ìjọ lọ ra àyè tirẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn alágbára. Àwọn ọmọ wa tí wọ́n ń gbé ní Houston, ní Chicago àti ní London náà ń fi ọ̀rọ̀ yìí ránṣẹ́ sílé. Wọ́n ní níbi tí àwọn wà, àwọn oníṣòwò ńlá ni wọ́n ń ti àwọn òṣèlú tí ń sọ̀rọ̀ Ọlọ́run àti ìdílé lẹ́yìn, wọ́n sì ń béèrè ìdí tí tiwa kò fi rí bẹ́ẹ̀.

Ní tiwa, ìdáhùn méjèèjì kù díẹ̀ káàtó. Oníṣòwò lè wọ inú ìṣèlú, ó sì yẹ kí àwọn kan wọ̀ ọ́. Ṣùgbọ́n kí ó tó na kọ́bọ̀ àkọ́kọ́, ìbéèrè kan wà tí ó gbọ́dọ̀ dáhùn níwájú Ọlọ́run: kí gan-an ni mo fẹ́ dáàbò bò? Ṣé òdodo ni, àbí èrè mi? Àwọn méjèèjì máa ń wọ ọkọ̀ kan náà, wọ́n sì máa ń wọ aṣọ kan náà, ṣùgbọ́n ibi tí wọ́n ń lọ yàtọ̀ síra.

DẸ́MẸ́TÍRÍÙ, ONÍṢÒWÒ ARÁ ÉFÉSÙ

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo Dẹ́mẹ́tíríù, alágbẹ̀dẹ fàdákà. Oníṣòwò gidi ni. Ó ń fi fàdákà ṣe ilé-òrìṣà kéékèèké fún Dáyánà, ọ̀pọ̀ oníṣẹ́ ọwọ́ sì ń jẹun lára iṣẹ́ náà. Nígbà tí ìwàásù Pọ́ọ̀lù bẹ̀rẹ̀ sí í ba ọjà rẹ̀ jẹ́, ó pe àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ jọ. Ẹ fi ara balẹ̀ ka ẹsẹ 25 títí dé 27, kí ẹ wo bí ó ṣe to ọ̀rọ̀ rẹ̀. Ohun tí ó kọ́kọ́ mẹ́nu bà ni owó, pé inú iṣẹ́ yìí ni ọrọ̀ àwọn ti ń wá. Lẹ́yìn ìyẹn ni ó tó rántí pé òrìṣà ńlá ìlú àwọn yóò di ẹni ẹ̀gàn. Láàárín ara wọn ni ó ti sọ ti owó. Nígbà tí ariwo dé ìgboro, kò sẹ́ni tó tún gbọ́ ọ̀rọ̀ owó mọ́. Orúkọ òrìṣà nìkan ni gbogbo ìlú ń pariwo fún bí wákàtí méjì. Bíbélì sì jẹ́ kó yé wa pé èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn tó péjọ kò mọ ohun tó kó wọn jọ.

Ẹ̀yin ará, bí ó ṣe máa ń ṣẹlẹ̀ nìyẹn. Oníṣòwò kan ń bẹ̀rù fún èrè rẹ̀, ó fi àṣà àti ìsìn bo ẹ̀rù náà mọ́lẹ̀, ó sì kó ogunlọ́gọ̀ ènìyàn sínú ìjà tí kì í ṣe tiwọn. A kò sọ pé gbogbo oníṣòwò tó bá ń gbèjà àṣà àti ìsìn ni Dẹ́mẹ́tíríù. Ohun tí a ń sọ ni pé kí olúkúlùkù yẹ ọkàn ara rẹ̀ wò.

ÀWỌN WO NI A Ń PÈ NÍ KỌNSÁFÉTÍÌFÙ?

Ẹ jẹ́ kí a la ọ̀rọ̀ yìí yé ara wa kí a tó lọ síwájú. Ní Amẹ́ríkà àti ní Ìlú Ọba, kọnsáfétíìfù ni àwọn tí wọ́n gbà pé kí ìyípadà máa wá díẹ̀díẹ̀, kí agbára ìjọba má pọ̀ jù, kí owó orí má wúwo, kí ohun ìní ẹnìkọ̀ọ̀kan jẹ́ tirẹ̀, kí ìdílé, ìsìn àti àṣà tí a jogún má sì parẹ́. Ẹgbẹ́ Republican ni ilé wọn ní Amẹ́ríkà. Ní Ìlú Ọba, ẹgbẹ́ Conservative ni, ẹgbẹ́ tí ó fi Kemi Badenoch, ọmọ Yorùbá, ṣe olórí ní oṣù November 2024. Ẹ kíyè sí i pé ohun méjì ni a so pọ̀ nínú ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo yìí: ọ̀rọ̀ àpò àti ọ̀rọ̀ ilé. Ẹnìkan lè fẹ́ kí owó orí rẹ̀ dín kù, kí ó má sì bìkítà bóyá ìgbéyàwó dúró tàbí ó wó.

Nílẹ̀ wa níhìn-ín, àwọn ẹgbẹ́ òṣèlú kò fi bẹ́ẹ̀ pín ní ọ̀nà yìí. Ní ọdún 1989, ìjọba ológun Ọ̀gágun Babangida dá ẹgbẹ́ méjì sílẹ̀, ó ní kí SDP yà díẹ̀ sí òsì, kí NRC yà díẹ̀ sí ọ̀tún. Nígbà tí ìdìbò June 12, 1993 dé, oníṣòwò ni àwọn méjèèjì tó du ipò Ààrẹ: Olóyè M.K.O. Abíọ́lá fún SDP, Alhaji Bashir Tofa fún NRC. Abíọ́lá fúnra rẹ̀ ti wà nínú ẹgbẹ́ NPN, tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kà sí ti kọnsáfétíìfù, kí ó tó fi í sílẹ̀ ní 1982. Nítorí náà kì í ṣe pé oníṣòwò wọ́n nínú ìṣèlú wa. Ohun tó wọ́n ni oníṣòwò tí ìgbàgbọ́ ọkàn rẹ̀ mú un wọ̀ ọ́, tí kì í ṣe iṣẹ́ kọ́ńtíráàtì ni ó ń wá. Ìdí nìyẹn tí a fi fẹ́ kí a wo Amẹ́ríkà, níbi tí àwọn oníṣòwò ti fi ètò ṣe ọ̀rọ̀ yìí fún bí àádọ́rùn-ún ọdún, kí a lè rí èrè rẹ̀ àti àléébù rẹ̀.

BÍ WỌ́N ṢE ṢE É NÍ AMẸ́RÍKÀ

Ní 1933, nígbà tí ọrọ̀ ajé Amẹ́ríkà ti dẹnu kọlẹ̀, Ààrẹ Franklin Roosevelt bẹ̀rẹ̀ sí í mú òfin tuntun jáde. Ìjọba ń pèsè iṣẹ́, ó ń ti òṣìṣẹ́ lẹ́yìn, ó sì ń ká àwọn onílé-iṣẹ́ lọ́wọ́ kò. Inú bí àwọn olówó. Ní 1934, wọ́n dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ tí wọ́n pè ní American Liberty League. Ìdílé du Pont, àwọn tó ni ilé-iṣẹ́ kẹ́míkà ńlá, wà lára àwọn tó náwó sí i jù. Òmìnira àti òfin ilẹ̀ ni wọ́n ń sọ lẹ́nu, ṣùgbọ́n ará ìlú wo ẹni tí ń sọ̀rọ̀, wọ́n ní àpò ara wọn ni àwọn wọ̀nyí ń gbèjà. Nínú ìdìbò 1936, Roosevelt mú ìpínlẹ̀ 46 nínú 48. Owó pọ̀ lọ́wọ́ wọn, ṣùgbọ́n ará ìlú kò gbà wọ́n gbọ́.

Àwọn oníṣòwò wá wá ọ̀nà mìíràn. Ọ̀nà kan gba inú ṣọ́ọ̀ṣì. Ní 1935, Pásítọ̀ James Fifield ní Los Angeles dá ẹgbẹ́ Spiritual Mobilization sílẹ̀, láti máa sọ fún àwọn pásítọ̀ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ pé ìjọba tí agbára rẹ̀ ń pọ̀ sí i yóò gba òmìnira onígbàgbọ́. Àwọn onílé-iṣẹ́ ló ń náwó sí i. J. Howard Pew, ọ̀gá ilé-iṣẹ́ epo Sun Oil, wà nínú wọn. Pew yìí kan náà ni ó fi owó ti ìwé ìròyìn Christianity Today lẹ́yìn nígbà tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 1956. Onígbàgbọ́ ni Pew, alàgbà ni nínú ìjọ Presbyterian, a kò sì ní bú u. Ṣùgbọ́n ẹ wò ó bí ó ti ṣòro tó láti mọ ibi tí ọ̀rọ̀ Ọlọ́run parí sí àti ibi tí ọ̀rọ̀ owó orí ti bẹ̀rẹ̀, nígbà tí pẹpẹ kan náà gbé méjèèjì.

Ọ̀nà kejì ni wíwá ènìyàn. Ronald Reagan, òṣèré sinimá, ń bá ilé-iṣẹ́ General Electric ṣiṣẹ́ láti 1954 títí di 1962. Ó ń ṣe ètò tẹlifíṣọ̀n fún wọn, ó sì ń lọ káàkiri àwọn ilé-iṣẹ́ wọn láti bá òṣìṣẹ́ sọ̀rọ̀. Ní October 27, 1964, ó sọ̀rọ̀ lórí tẹlifíṣọ̀n fún Barry Goldwater, ẹni tí ìdílé rẹ̀ ni ilé-ìtajà ńlá ní Arizona, tó ń du ipò Ààrẹ. Goldwater fìdí rẹmi, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ Reagan wọ àwọn oníṣòwò kan létí. Holmes Tuttle tí ń ta mọ́tò ní Los Angeles, Henry Salvatori tó rí owó nídìí epo, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn, tọ Reagan lọ pé kí ó wá du ipò gómìnà California. Ó wọlé ní 1966. Ní 1980, wọ́n dìbò yàn án sí ipò Ààrẹ.

Ọ̀nà kẹta ni èrò àti ẹ̀kọ́. Ní August 23, 1971, agbẹjọ́rò kan ní ìpínlẹ̀ Virginia, Lewis Powell, kọ ìwé ìkọ̀kọ̀ kan sí ẹgbẹ́ àwọn oníṣòwò Amẹ́ríkà. Ohun tó wà nínú rẹ̀ ni pé àwọn oníṣòwò ti sùn jù. Kí wọ́n dìde, kí wọ́n dé inú yunifásítì, inú ilé ìròyìn, inú ilé-ẹjọ́ àti ọ̀dọ̀ àwọn aṣòfin. Kò pẹ́ lẹ́yìn náà ni àwọn ọ̀gá ilé-iṣẹ́ ńlá dá Business Roundtable sílẹ̀ ní 1972. Ní 1973, Joseph Coors, tí ìdílé rẹ̀ ń pọn ọtí bíà, gbé 250,000 dọ́là kalẹ̀ láti fi bẹ̀rẹ̀ Heritage Foundation, ilé tí àwọn ọ̀mọ̀wé ti ń kọ ìmọ̀ràn fún àwọn aṣòfin kọnsáfétíìfù.

Irú rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ ní Ìlú Ọba ṣáájú. Antony Fisher, ẹni tó di olówó nídìí ọ̀sìn adìyẹ, fẹ́ du ipò aṣòfin. Ọ̀mọ̀wé Friedrich Hayek ní kó má ṣe é, kó kúkú dá ilé ìwádìí sílẹ̀ tí yóò yí èrò àwọn ènìyàn padà. Ó dá a sílẹ̀ ní London ní 1955. Ní 1979 tí Margaret Thatcher di olórí ìjọba, inú irú ilé bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ èrò tó fi ń ṣèjọba ti jáde.

ỌGBỌ́N TÍ A LÈ KỌ́ LỌ́DỌ̀ WỌN

Ẹ jẹ́ kí a fún wọn ní ọlá tó tọ́ sí wọn. Láti 1955 sí 1979, ọdún mẹ́rìnlélógún ni. Láti ìgbà tí Tuttle àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbọ́ ọ̀rọ̀ Reagan títí tó fi di Ààrẹ, ọdún mẹ́rìndínlógún ni. Olówó wa ha lè dúró tó bẹ́ẹ̀? Èyí tó pọ̀ nínú wa ń fẹ́ kí owó tí a gbé jáde ní oṣù January ti padà wálé kí ọdún tó parí. A ń ra ìrẹsì, a ń ra aṣọ ankárá, a ń há ẹgbẹ̀rún náírà sọ́wọ́ olùdìbò ní àárọ̀ ọjọ́ ìdìbò. Nígbà tí ìrẹsì bá tán, èrò kankan kò kù nílẹ̀. Àwọn tí a ń sọ yìí náwó sórí ìwé, sórí ẹ̀kọ́, sórí ọ̀dọ́ tó ní ọpọlọ, àti sórí ẹni tó lè sọ̀rọ̀ kí àwùjọ gbọ́. Ẹni tí yóò jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké.

IBI TÍ ỌNÀ TI YÀ

Ṣùgbọ́n ìtàn náà kò parí síbẹ̀, ìhà tó kù yìí ni a kì í sábà sọ fún onígbàgbọ́.

Lewis Powell tó kọ ìwé sí àwọn oníṣòwò wà lára àwọn olùdarí ilé-iṣẹ́ sìgá Philip Morris nígbà tó kọ ọ́. Kò pé oṣù mẹ́ta tí Ààrẹ Nixon fi yàn án pé kó di adájọ́ Ilé-ẹjọ́ Gíga Jù Lọ. Ní January 1973, nígbà tí ilé-ẹjọ́ náà dájọ́ pé òfin Amẹ́ríkà fún obìnrin ní ẹ̀tọ́ láti ṣẹ́yún, adájọ́ méje ló fara mọ́ ọn, méjì ló kọ̀. Powell wà lára àwọn méje. Ìdájọ́ náà dúró títí di ọdún 2022. Ẹni tó kọ́ oníṣòwò bí wọn yóò ṣe dáàbò bo òwò kò rí ọ̀rọ̀ oyún bí ọ̀pọ̀ onígbàgbọ́ ṣe rí i, kò sì sí ohun tó ṣèlérí fún wọn lórí rẹ̀. Òwò ni ó sọ pé òun fẹ́ dáàbò bò, òwò náà ni ó sì dáàbò bò.

Reagan ńkọ́? Nígbà tó jẹ́ gómìnà, ní 1967, ó fọwọ́ sí òfin tó mú ìṣẹ́yún rọrùn ní California, èyí tó sọ lẹ́yìn náà pé òun kábàámọ̀. Ní 1969, ó fọwọ́ sí òfin tó jẹ́ kí tọkọtaya lè kọ ara wọn sílẹ̀ láìsí pé ẹnikẹ́ni fi ẹ̀sùn kan ẹnìkejì. California ni ó ṣáájú àwọn ìpínlẹ̀ Amẹ́ríkà yòókù nínú irú òfin bẹ́ẹ̀. Àwọn oníṣòwò tó gbé e wọlé ti rí ohun tí wọ́n ń fẹ́ lórí ọ̀rọ̀ àpò. Ọ̀rọ̀ ilé ni ó gbọgbẹ́.

Èyí tó kan àwa aláwọ̀ dúdú jù ni ti 1964. Goldwater dìbò tako Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọ Ìlú ọdún yẹn, òfin tó sọ pé ilé oúnjẹ, hòtẹ́ẹ̀lì àti ibi iṣẹ́ kò gbọdọ̀ lé ènìyàn nítorí àwọ̀ rẹ̀. Ó sọ pé ìjọba kò ní ẹ̀tọ́ láti sọ fún olóhun-ìní ohun tí yóò fi ohun ìní rẹ̀ ṣe. Ó ṣeé ṣe kí ọkàn rẹ̀ mọ́ lórí ọ̀rọ̀ yẹn. Ṣùgbọ́n ẹ jókòó sí àyè dúdú tí ebi ń pa lójú ọ̀nà Mississippi lọ́jọ́ náà, tí wọ́n ti ilẹ̀kùn mọ́: kí ni wọ́n dáàbò bò fún un? Ọmọ wa tó wà ní Houston lónìí, tó ń wọ ilé oúnjẹ èyíkéyìí tó bá wù ú, òfin yẹn ń ṣiṣẹ́ fún òun náà. Kí ó rántí rẹ̀ kí ó tó sọ pé gbogbo ohun tí ẹgbẹ́ òun bá ti ń gbèjà láti ọjọ́ pípẹ́ ni Ọlọ́run fọwọ́ sí. Kì í ṣe gbogbo ohun àtijọ́ ni ó yẹ kí a pa mọ́.

ÀWỌN TÍ Ó NÁ WỌN NÍ NǸKAN

Báwo wá ni a ó ṣe mọ oníṣòwò tí òdodo gbé dìde? Wíwò ohun tí ó ná an ni. Arthur àti Lewis Tappan, tẹ̀gbọ́n-tàbúrò tí ń ta aṣọ sílíìkì ní New York ní nǹkan bí igba ọdún sẹ́yìn, jẹ́ onígbàgbọ́ tó le lórí ọ̀rọ̀ ọtí àti Ọjọ́ Olúwa. Ní 1833, wọ́n wà lára àwọn tó dá ẹgbẹ́ tó ń tako òwò ẹrú sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà. Àwọn oníbàárà wọn ní Gúúsù, níbi tí ẹrú ti ń gbin òwú, kò rajà lọ́wọ́ wọn mọ́. Ní July 1834, àwọn jàǹdùkú ya wọ ilé Lewis, wọ́n kó ẹrù rẹ̀ síta, wọ́n dáná sun ún. Kò padà sẹ́yìn. Nígbà tí àwọn ará Áfíríkà tí wọ́n jí kó gba ara wọn sílẹ̀ lójú omi Cuba nínú ọkọ̀ Amistad ní 1839, tí wọ́n sì há sí ọgbà ẹ̀wọ̀n Amẹ́ríkà, Lewis Tappan ni ó ṣètò agbẹjọ́rò fún wọn, títí Ilé-ẹjọ́ Gíga Jù Lọ fi dá wọn sílẹ̀ ní 1841. Cuba kan náà ni wọ́n ń kó àwọn baba ńlá wa Yorùbá lọ nígbà yẹn. Èrè wo ni oníṣòwò sílíìkì rí nínú ọ̀rọ̀ yìí? Kò sí, àdánù ni.

Ní ayé tiwa yìí, David Green yá 600 dọ́là ní 1970, ó fi bẹ̀rẹ̀ òwò tó di Hobby Lobby. Ilé-ìtajà rẹ̀ kì í ṣí ní ọjọ́ Ìsinmi, owó tó ń pàdánù nídìí rẹ̀ kò kéré. Nígbà tí ìjọba ní kí ó sanwó oògùn tí ó gbà pé ó lè ṣẹ́ oyún, ó gbé ọ̀rọ̀ dé Ilé-ẹjọ́ Gíga Jù Lọ, ó sì jàre ní 2014, adájọ́ márùn-ún sí mẹ́rin. Ẹ máa yìn ín, ṣùgbọ́n ẹ má sọ ọ́ di áńgẹ́lì. Ní 2017, ilé-iṣẹ́ kan náà san mílíọ̀nù mẹ́ta dọ́là, ó sì dá àwọn ohun ìṣẹ̀ǹbáyé ilẹ̀ Iraq padà, tí wọ́n kó wọlé lọ́nà tí kò bófin mu. Ẹni tó dúró ṣinṣin lórí ohun kan lè yọ̀ ṣubú lórí òmíràn. Jésù nìkan ni kì í yẹ̀.

ÌMỌ̀RÀN WA FÚN ONÍṢÒWÒ INÚ ÌJỌ

1. Yẹ ara rẹ wò pẹ̀lú àdánù. Ohun tí o fẹ́ gbèjà yìí, bí ó bá máa dín èrè rẹ kù, ṣé wàá ṣì gbèjà rẹ̀? Bí ìdáhùn bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ kọ́, jọ̀wọ́ má fi orúkọ Jésù sí i. Sọ pé òwò ni, ìyẹn náà kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀.

2. Owó tìrẹ ni kí o ná. Òfin ilé-iṣẹ́ wa ti ọdún 2020, ní abala 43, kò gba ilé-iṣẹ́ láyè láti fi owó tàbí ohun ìní rẹ̀ ta ẹgbẹ́ òṣèlú lọ́rẹ. Àwọn olùdarí tó bá ṣe é ni yóò dá owó náà padà láti àpò ara wọn. Irú òfin yìí ti wà láti 1990. Owó ilé-iṣẹ́ kì í ṣe tìrẹ nìkan. Ti àwọn òṣìṣẹ́, ti banki àti ti àwọn tó bá ọ dáwó jọ ni pẹ̀lú.

3. Bẹ̀rẹ̀ láti ilé. Nehemáyà bá àwọn ọlọ́rọ̀ Jerúsálẹ́mù wí, wọ́n ń gbèjà odi ìlú pẹ̀lú rẹ̀, wọ́n sì ń gba oko àti ọgbà àjàrà lọ́wọ́ ará ilé wọn nítorí èlé. Ó ní kí wọ́n dá a padà lọ́jọ́ náà gan-an. Òun fúnra rẹ̀ jẹ gómìnà fún ọdún méjìlá, kò jẹ oúnjẹ tó tọ́ sí gómìnà, nítorí ẹrù ti wọ àwọn ènìyàn lọ́rùn. Ẹni tó ń sọ̀rọ̀ ìdílé nílé aṣòfin, tó sì jẹ àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ ní owó oṣù mẹ́ta, ìdílé ta ni ó ń gbèjà? Ìlẹ̀kùn ilé-iṣẹ́ rẹ ni ìṣèlú rẹ ti bẹ̀rẹ̀.

4. Má ra pẹpẹ. Bí o bá kọ́ ṣọ́ọ̀ṣì fún wa, a dúpẹ́. Ṣùgbọ́n má retí pé kí pásítọ̀ fi ìyẹn sọ fún ìjọ ẹni tí wọn yóò dìbò fún. Ẹ̀yin pásítọ̀ ẹlẹgbẹ́ wa náà, ẹ jẹ́ kí a lè wo olówó lójú. Bí Nátánì bá ti gba mọ́tò lọ́wọ́ Dáfídì, ta ni yóò sọ fún ọba pé òun ni ọkùnrin náà?

5. Bẹ̀rẹ̀ sí í fún irúgbìn tí ń pẹ́ kó tó so. Kọ́ ọ̀dọ́ méjì tàbí mẹ́ta nínú ìjọ bí a ṣe ń ka òfin àti bí a ṣe ń ka ìwé ìṣúná ìjọba ìbílẹ̀. Lọ sí ìpàdé òbí àti olùkọ́, wọ ìgbìmọ̀ ọjà, jókòó sí ìpàdé àdúgbò. Bí o bá rí olóòótọ́ tí kò lówó, tó fẹ́ du ipò kánsẹ́lọ̀, dúró tì í, má sì béèrè iṣẹ́ kọ́ńtíráàtì lọ́wọ́ rẹ̀ tó bá wọlé.

6. Ẹ̀yin ọmọ wa tó wà lókè òkun, ẹ dìbò bí ẹ̀rí ọkàn yín ṣe darí yín, ṣùgbọ́n ẹ má ṣe ìrìbọmi fún ẹgbẹ́ òṣèlú kankan. Ẹgbẹ́ tó bá ń sọ òtítọ́ nípa oyún lè máa ṣìnà nípa àlejò àti aláìní. Èyí tó bá ń ṣàánú aláìní lè máa ṣìnà nípa oyún. Arákùnrin tó dìbò fún ẹgbẹ́ kejì ṣì jẹ́ arákùnrin. Tábìlì kan náà ni ẹ jọ ń jẹun níwájú Olúwa.

Ẹ̀yin ará, Ọlọ́run kò kórìíra oníṣòwò. Lìdíà tí ń ta aṣọ elésè-àlùkò ni ó ṣí ilé rẹ̀ fún Pọ́ọ̀lù. Ọlọ́rọ̀ ni Jósẹ́fù ará Arimatíà, ìgbìmọ̀ náà sì ni, síbẹ̀ ó tọ Pílátù lọ láti tọrọ òkú Jésù ní ọjọ́ tí kò sí èrè kankan nínú kí a mọ̀ ọ́n mọ́ Jésù. Irú oníṣòwò tí a ń wá nìyẹn: ẹni tí a ó rí lẹ́yìn òtítọ́ ní ọjọ́ tí òtítọ́ kò ní oníbàárà.

FÚN ÌJÍRÒRÒ NÍNÚ ÌDÍLÉ

(a) Kí ni Dẹ́mẹ́tíríù sọ fún àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, kí sì ni ará ìlú gbọ́?

(b) Nínú òwò ìdílé wa, ohun kan wo ni ó tọ́ tí a kò tíì ṣe nítorí pé yóò ná wa lówó?

(d) Bí a bá fẹ́ ran òṣèlú kan lọ́wọ́ ní ìdìbò tó ń bọ̀, kí ni a ó retí lọ́wọ́ rẹ̀?

ÀDÚRÀ: Baba wa ọ̀run, a dúpẹ́ fún agbára tí o fún wa láti rí ọrọ̀. Wádìí ọkàn àwọn oníṣòwò inú ìjọ rẹ. Níbi tí ìfẹ́ owó bá ti fi orúkọ rẹ bo ara, tú u síta, kí o sì wẹ̀ ẹ́ nù. Gbé àwọn tí ọwọ́ wọn mọ́ dìde fún ilẹ̀ wa, kí wọ́n ní sùúrù láti gbìn, kí wọ́n sì ní ìgboyà láti pàdánù nítorí òdodo. Ṣọ́ àwọn ọmọ wa tó wà nílé àti lẹ́yìn odi. Ní orúkọ Jésù Olúwa wa. Àmín.